Lẹ́tà sí Àǹtí mi, lórí fọ́tò alùkíńbà

Àǹtí mi,

Wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ yín, n kò sí níbẹ̀. Ọmọ yín fi fọ́tò tí wọ́n lò ránṣẹ́ sórí fóònù mi, èyí tí ẹ wọ alùkíńbà, tí láwàní wà lórí yín. Ẹ rẹwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé mi kúrò. Ẹnu bútà àti ọwọ́ kan péré ló kù lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín. Ọwọ́ mi ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ mi gbé mi dé Wallace Collection, ilé tí wọ́n ń kó àwòrán àtijọ́ sí, ní London níbí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ibẹ̀, ibẹ̀ sì móoru. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwòrán Mademoiselle de Clermont. Jean-Marc Nattier, ayàwòrán ará Faransé, ló yà á ní 1733. Ọmọ-ọmọ Louis Kẹrìnlá ni obìnrin náà, òun sì ni olórí àwọn tó ń tọ́jú agboolé ayaba. Ààfin ọba Faransé ni ayé tó mọ̀. Síbẹ̀ ó jókòó bí ìyàwó ọba Tọ́kì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, àwọn ìránṣẹ́ yí i ká, àwọn adúláwọ̀ bíi tiwa wà nínú wọn. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà nínú àkọlé.

Aṣọ Tọ́kì ló gbayì lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá Faransé nígbà náà. Láti 1714 ni wọ́n ti tẹ ìwé kan tó kó 100 àwòrán jọ, láti inú iṣẹ́ Vanmour, ayàwòrán tó ń gbé Constantinople, olú-ìlú Tọ́kì nígbà náà, àwọn ayàwòrán sì ń wo aṣọ ibẹ̀ kọ́. Madame de Pompadour, àlè Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún, náà ní kí ayàwòrán Carle Van Loo ya òun bẹ́ẹ̀ fún yàrá òun ní Bellevue, ilé ńlá rẹ̀. Obìnrin dúdú kan ló ń gbé kọfí fún un. Bí ọ̀dà lásán ṣe di aṣọ lọ́wọ́ Nattier, ẹ̀yin télọ̀ ni ẹ ò bá là á yé mi.

Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe rẹwà ní ọ̀sẹ̀ Iléyá yẹn ní Òkè-Àdó. Onífọ́tò ló ni alùkíńbà, òun ló ni láwàní. Ó wò yín títí, ó ní nǹkan kan kù. Ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ rí mi. Ẹ ní kí n bọ́ bàtà Iléyá mi, kí n kúnlẹ̀, kí n di bútà mú bí ẹni fẹ́ bomi sí yín lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, inú mi dùn pé wọ́n fẹ́ ya èmi náà. Alùkíńbà yẹn ń rùn káńfọ̀ àti òógùn àwọn tó ti yá a wọ̀ ṣáájú yín.

Ìyẹn kò dùn mí. Ọjọ́ tí àwọn àna wá tọrọ yín ló dùn mí. Ìyá ọkọ yín nawọ́ sí fọ́tò náà lára ògiri, ó ní, "Ọmọ ta nìyí?" Ẹ ní, "Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni." Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mo gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọn lọ́wọ́. Kí ló dé, Àǹtí mi? Ṣé ojú ló tì yín pé àbúrò yín lẹ mú kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, àbí ó kàn bọ́ lẹ́nu yín ni? Ẹ rán mi níléèwé. Ẹ ta máṣíìnì yín nítorí owó ọkọ̀ òfuurufú mi. Mo mọ̀ gbogbo rẹ̀. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìbéèrè yẹn á dé ètè mi, màá gbé e mì. Ẹ wá lọ.

N kò lè wá sin yín, torí ìwé ìgbélùú mi ti wà lọ́wọ́ ìjọba ibí láti bí oṣù mẹ́sàn-án. Lóru, níbi iṣẹ́ mi, ẹsẹ̀ àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń fi orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣáájú mi pè mí. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń dáhùn. Láti ọjọ́ tí mo ti wo àwòrán yẹn, mò ń sọ orúkọ mi fún un lálaalẹ́, bí mo ṣe ń nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo ti ní kí ọmọ yín bá mi wá odindi fọ́tò náà. Ó ní àfàìmọ̀ kó má wà nínú àpótí yín, ṣùgbọ́n wọn kò tí ì rí kọ́kọ́rọ́.