Onígìtá mi, má tíì dá ọkùnrin yẹn lóhùn

Onígìtá mi,

Báwo ni? Ìyá Ìbejì ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù London ò tíì máa fìyà jẹ yín jù? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Mo ti gbọ́ voice note ẹ, mo tún un gbọ́, inú mi dùn gan-an ni, orin ẹ ti gba ìgboro lóòótọ́, àwọn ọmọ tí ò mọ̀ ẹ́ rí ń fi jó lórí TikTok, dírẹ́bà danfo tí mo wọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba gan-an ń kọ ọ́ lẹ́nu bó ṣe ń yí stíà. Ọlọ́run ṣeun. Àmọ́ ibi tó o ti wá sọ pé ọkùnrin tó fẹ́ máa bá ẹ gbé orin jáde ní kó o ṣe mẹ́ta míì tó jọ èyí kó tó di Kérésì, ibẹ̀ lọkàn mi ò ti balẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí, torí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é sọ lórí fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa já.

Ṣé o rántí 1989? Ṣé o rántí ìgbà tí Shina Peters, olórin jùjú, gbé àlíbọ́ọ̀mù Ace jáde? Fújì ló wà lóde nígbà yẹn, Barrister àti Kollington ló ni gbogbo ìgboro, àwọn èèyàn ti ń sọ pé jùjú ti di ti àwọn bàbá wa, orin à-jókòó-gbọ́. Ni Shina bá yọ, ilé iṣẹ́ orin CBS ló gbé e jáde, Laolu Akins tó wà nínú bándì BLO àtijọ́ yẹn ló ṣe prodúsà ẹ̀, ó po Afrobeat mọ́ jùjú, ó mú un yára bíi pé ẹnì kan ń lé e, ó ní Afro-Juju lorúkọ ẹ̀. Kò síbi tí ò dé. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí, gáréèjì, yàrá àwọn ọmọ yunifásítì, ilé ìgbéyàwó. Àwa ọmọ iléèwé tá à ń tijú jùjú tẹ́lẹ̀, àwa náà la wá ń jà du kásẹ́ẹ̀tì. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ olórin jùjú ọdún ní Nigerian Music Awards, ó sì gbé àlíbọ́ọ̀mù míì jáde, Shinamania. Ro orúkọ yẹn wò ná. Àlíbọ́ọ̀mù tuntun ni lóòótọ́, àmọ́ wèrè tí Ace kó bá àwọn èèyàn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ohun tó sì máa ń dùn mí ni pé Shina ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn rárá. Ọmọ kékeré ló ti wà nídìí orin, ó ti bá Prince Adekunle, olórin jùjú, ṣeré, òun àti Segun Adewale jọ jáde kúrò níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n dá bándì kan tó ń jẹ́ Shina Adewale sílẹ̀, nígbà tó yá wọ́n pínyà, Segun ń pe tiẹ̀ ní Yo-Pop, Stern's, ilé iṣẹ́ àwo tó wà ní London lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ló bá a tà á fáwọn òyìnbó. Shina náà ń ṣe àwo tiẹ̀ lọ jálẹ̀ àwọn ọdún 1980. Bí ọdún mẹ́wàá iṣẹ́ nìyẹn o. Béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lónìí kó dárúkọ àwo kan tí Shina ṣe kó tó di Ace, wàá rí i pé á kàn máa wojú ẹ ni. Orin ńlá máa ń jẹ ẹ̀yìn olórin bó ṣe ń jẹ iwájú ẹ̀. Ìwọ náà, gbogbo ohun tó o ti fi gìtá yẹn ṣe láti ìgbà tá a ti jọ wà ní kúáyà, wọn ò ní mọ̀ ọ́n, orin TikTok yẹn ni wọ́n á máa pè ẹ́.

Jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Oṣù Kejìlá tó kọjá, a lọ síbi ọjọ́ ìbí 60 kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bándì jùjú ni wọ́n gbà, ọ̀dọ́kùnrin ni ọ̀gá wọn, ohùn ẹ̀ mọ́ gaara. Orin tiẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ, gángan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, gìtá kan ń dá a lóhùn láti ẹ̀gbẹ́, orin tó dáa ni, mo gbé ṣíbí sílẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn tó kù ń jẹun lọ ní tiwọn, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló ń pín súfúníà. Ọmọkùnrin yẹn wò wọ́n títí, ló bá bojú wẹ̀yìn, ó mi orí sí onílù, wọ́n wọnú Ace. Háà! Ìyá tá à ń ṣe ọjọ́ ìbí fún ti bọ́ bàtà sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ká ìró sókè díẹ̀, ó ń bọ̀ níwájú, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ lé e, owó ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí ọmọkùnrin yẹn títí ò fi ríran dáadáa mọ́. Kò padà sórí orin tiẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo wá rò ó pé bó bá rí báyìí fún ẹni tó kàn yá Ace lò, báwo ló ṣe máa rí fún ẹni tó ni ín? Ìwọ náà mọ̀ pé òde ni owó olórin jùjú ti ń wá, àwọn tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ ti ba ọjà àwo jẹ́ tipẹ́, àwọn tó sì ń gba Shina sóde lónìí, ọmọ nǹkan bí 20 ọdún ni wọ́n ní 1989, wọ́n ti lé ní 50 báyìí, àwọn ló ń ṣe ọjọ́ ìbí, àwọn ló ń sanwó. Ìgbà èwe wọn ni wọ́n ń fi owó yẹn pè padà. O lè kọ orin tuntun tó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sí ìgbà èwe wọn nínú ẹ̀. Dancing Time jáde lẹ́yìn Shinamania, òmíràn tún tẹ̀ lé e, síbẹ̀ Ace ni wọ́n ṣì ń béèrè. Tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún mi pé Ace ló ba Shina jẹ́, mo máa bá a jà ni, torí orin yẹn ló mú kí àwa ọmọ ìgbà yẹn mọ̀ pé jùjú jẹ́ tiwa. Àmọ́ ó dè é mọ́lẹ̀, ìyẹn ò ṣe é sẹ́.

Wá wo Sunny Ade ẹ̀wẹ̀. Challenge Cup, tó fi yin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores, ló gbé orúkọ ẹ̀ jáde ní 1968, kò sì tìtorí ẹ̀ di olórin bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó di 1982, Bob Marley ti kú, Island, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin ẹ̀ jáde, ń wá ẹni tí wọ́n máa gbé síta, wọ́n mú Sunny. Nílé níbí, orin ló máa ń wọnú orin láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo títí dópin, kò sí ibi tó ti ń dúró. Wọ́n gé e sí méje nínú Juju Music, àlíbọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé jáde fún un, kó lè wọ etí òyìnbó. Mi ò bú u o, mo fẹ́ràn Ja Funmi inú ẹ̀ púpọ̀. Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, wọ́n yàn án fún Grammy, Aura dé ní 1984, Stevie Wonder fọn hàmóníkà sí i, lẹ́yìn náà Island ní ọjà ò tà tó, wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹlòmíì ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ nínú àwọn ọdún yẹn náà, Sunny ò dáwọ́ àwo tilé dúró, 1983 yẹn kan náà ló ṣe Bobby ní ìrántí Bobby Benson olórin highlife, orin gígùn bá a ṣe mọ̀ ọ́n, fún àwa tá a wà nílé. Nígbà tílẹ̀kùn òkèèrè tì, ilé wà fún un láti padà sí.

Ìyàtọ̀ tí mo rí nìyẹn, mo sì ti ń rò ó láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ohùn ẹ. Òkèèrè ni ti Sunny ti gbóná, ó sì ní ibòmíì tí orin Island ò lè dé. Àárín ilé gan-an ni ti Shina ti gbóná, ibo ló fẹ́ sá lọ? Tìẹ, orí fóònù ló ti ṣẹlẹ̀. O ṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, o ṣì ní àwọn òde Yorùbá ní Peckham tí wọ́n ti ń pè ẹ́ ní Sátidé kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orin yìí. Ọkùnrin yẹn ní kó o fi àwọn òde yẹn sílẹ̀ torí owó ibẹ̀ kéré. Jọ̀ọ́, má fi í sílẹ̀.

Tó o bá fẹ́ ṣe ọ̀kan tó jọ èyí, ṣe é, kò sẹ́ni tó ń bínú owó. Àmọ́ mẹ́ta kó tó di Kérésì, rárá. Ìwé àdéhùn tí ọkùnrin yẹn fún ẹ ńkọ́, ṣé o ti ka ibi tí wọ́n kọ iye àlíbọ́ọ̀mù àti iye ọdún sí? Wá lọ́yà tó mọ̀ nípa orin kó bá ẹ kà á, má lo ìbátan tó ń ṣe ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀.

Kó o tó dá a lóhùn, fi orin tó o kọ nígbà tí Màmá kú ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, èyí tó jẹ́ gìtá àti ohùn ẹ nìkan, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti da ìlù kọ̀ǹpútà bò. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ wa tó ń lu gángan ní Mushin, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ, pé tó o bá wálé lọ́dún yìí òun máa lù sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Bá mi kí Ìyá Ìbejì dáadáa, kó o sì dáhùn kíákíá.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ.