Bísí, ọ̀rọ̀ Ìyá Túndé nìyí

Ìbàdàn

Bísí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Kúnlé ti gbéyàwó, òrùlé Màmá jò a sì ti tún un ṣe, Ṣadé náà ti gba abẹ́rẹ́ HPV, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tí ìjọba ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 láti 2023. Mi ò fi tirẹ̀ falẹ̀ rárá, o mọ ìdí.

Wọ́n ti dá ìtọ́jú ìtànṣán Ìyá Túndé dúró. PCV wọn, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara wọn, já sí 22, bẹ́ẹ̀ 30 ni wọ́n ń fẹ́, ó kéré tán. Inú bí mi: kí ló kan ẹ̀jẹ̀ nínú iná tí wọ́n ń tàn sí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ? Dókítà obìnrin kan ló pè mí jókòó. Ó ní ìtànṣán máa ń ba DNA jẹjẹrẹ jẹ́, ọ́síjìn ni kì í jẹ́ kí ibi tó bàjẹ́ náà ṣeé tún ṣe mọ́. Níbi tí ọ́síjìn ò bá dé, jẹjẹrẹ á tún ara rẹ̀ ṣe. Ìtànṣán tí yóò pa á lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó jẹjẹrẹ náà ti rí wúruwùru tẹ́lẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀ wá tún dá kún un. Láti 1953 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Gray, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù tí o wà yẹn. Orúkọ rẹ̀ ni Gy tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán lórí fáìlì wọn.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn ni pé gbogbo ìtọ́jú náà kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ 8. Bó bá ti ń fà sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù.

Mo ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní blood bank, èyí tí wọ́n fẹ́ fà sí wọn lára sì ti wà nílẹ̀. Ìyá Túndé ni ò gbà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ò ní wọ ara àwọn, omi ewé ugu làwọn á máa mu. Ugu dára, àmọ́ kò lè yára tó. Mo sunkún, Bàbá Túndé pariwo, wọ́n kàn ń wò wá ni. Wọ́n wá ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun, pé o ti rù jù nínú fọ́tò ọjọ́sí. Ẹ̀rín pa mí, omi tún bọ́ lójú mi.

Ìwọ ni wọ́n máa ń gbọ́ tìrẹ, Bísí. Àbí ta ló mú wọn lọ bí Túndé sí ọsibítù nígbà yẹn? Jọ̀wọ́, pè wọ́n lálẹ́ òní, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Bí wọ́n bá gbà, tẹ̀ mí láago, ìgbà yòówù kó jẹ́.

Èmi ni,
Àdùkẹ́