Dókítà tó di alágbàtọ́ ọba

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà ni a wà níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan kò jẹ́ kí n gbádùn láti ìjọ́ mélòó kan. John Login lorúkọ rẹ̀, ọmọ Stromness ní erékùṣù Orkney, lókè Scotland lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ dókítà ló kọ́ ní Edinburgh, iṣẹ́ náà ló sì gbé e dé Íńdíà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Punjab ní 1849, wọ́n fi í ṣe olórí odi Lahore, wọ́n kó ilé ìṣúra ààfin lé e lọ́wọ́, wọ́n sì ní kó máa tọ́ ọba ibẹ̀.

Ọmọ ọdún 10 ni ọba náà, Àbẹ̀kẹ́! Duleep Singh. Láti 1847 ni wọ́n ti mú Jind Kaur ìyá rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá gbé ìwé síwájú ọmọdé yìí pé kó fọwọ́ sí i: ilẹ̀ baba rẹ̀ di tiwọn, òkúta iyebíye Koh-i-Noor di ti Ọbabìnrin Victoria. Ta ló ń bá ọmọdé ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀? Login ló ṣírò ẹrù inú ilé ìṣúra náà tó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ó fa òkúta náà lé Dalhousie, Gómìnà Àgbà, lọ́wọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Login kì í ṣe ìkà. Òun àti Lena ìyàwó rẹ̀ ṣìkẹ́ ọmọ náà, wọ́n jọ dé England ní 1854. Lọ́dún yẹn ni Victoria gbé Koh-i-Noor lé Duleep lọ́wọ́ láàfin Buckingham. Wọ́n ti tún un gé, ó ti kéré. Ọmọ náà lọ sẹ́bàá fèrèsé, ó wò ó títí, ó sì dá a padà fún Ọbabìnrin. Kí ni ì bá tún ṣe? Ní 1863, ìyá rẹ̀ kú ní Lọ́ńdọ̀nù, kò pẹ́ sí i Login náà kú. Duleep ló mọ ohun ìrántí sórí sàréè rẹ̀ ní Felixstowe.

Àìná tiwa ni mo ń rò, èyí tí wọ́n ń pè ní Sarah Forbes Bonetta. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó o ní Òkè-Ọ̀dàn ní 1848. Ní 1850, ọdún tí òkúta yẹn dé ọwọ́ Victoria, Forbes, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, gbé òun náà dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin. Wọ́n kẹ́ òun náà. Ìkẹ́ yẹn kò dá ìyá rẹ̀ padà fún un.

N kò lè bínú sí Login tán, n kò sì lè dárí jì í. Kí ni ìwọ rò? Ṣé ẹni tó fẹ́ràn ọmọ lè máa ṣírò ẹrù baba ọmọ náà fún àwọn tó kó o? Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí èsì rẹ pẹ́. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Fọláṣadé