Lẹ́tà Sáà Tuntun Sí Àwọn Òbí: Ìmọ̀lára àti Ìbágbépọ̀ Àwọn Ọmọ Wa Tó Ní Ọ́tísìmù

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àbọ̀ ìsinmi, ẹ sì kú ìmúra sáà tuntun. Ètò ìdánwò àti ti ìsinmi wà nínú ìwé tí a fi mọ́ lẹ́tà yìí, n kò ní í tún un sọ. Ọ̀rọ̀ kan ló gbà mí lọ́kàn: bí a ó ṣe ran àwọn ọmọ wa tó ní ọ́tísìmù (ìyẹn ni pé láti kékeré ni ọpọlọ wọn ti ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀) lọ́wọ́ kí wọ́n lè mọ ohun tó ń ṣe wọ́n nínú, kí ara sì lè tù wọ́n láàárín ẹgbẹ́ wọn. Gbogbo òbí ni mo ń kọ ọ́ sí, torí inú kíláàsì kan náà ni gbogbo wọn jọ wà.

Láti ọdún 1943 tí dókítà Leo Kanner ti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 tó yẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn èèyàn sọ nípa ọ́tísìmù ni ìmọ̀ ti já ní koro. Wọ́n ní ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ ló ń fà á; irọ́ ni. Ìwádìí kan tó jáde ní 1998 dá abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́bi. Ìwé ìròyìn ìṣègùn tó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ ló fà á padà ní 2010. Èyí tó dùn mí jù ni èyí tí mo ṣì ń gbọ́ títí dòní, pé àwọn ọmọ yìí kì í mọ nǹkan lára, pé wọn ò nílò ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá ti bá wọn jókòó pẹ́ kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì àwọn kéékèèké wa (àwọn òbí rẹ̀ ní kí n sọ ọ́). Bí wọ́n bá ti jáde ṣeré, á wá dúró sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á máa pe gbólóhùn kan tó gbọ́ nínú eré àwòrán tó fẹ́ràn: "Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra!" Wọ́n á wò ó, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sá lọ. Olùkọ́ rẹ̀ ló kíyè sí i pé ìgbà tó bá fẹ́ bá wọn ṣeré nìkan ló ń sọ ọ́. Ó pe àwọn yòókù, ó ní bó ṣe ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú òun mọ́ra nìyẹn. Ní báyìí, tó bá ti sọ ọ́, ẹnì kan á dáhùn pé "Wọlé!", eré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Damian Milton, onímọ̀ tí òun alára ní ọ́tísìmù, kọ ọ́ ní 2012 pé tọ̀tún-tòsì ni àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí ti ń wá: bí kò ṣe rọrùn fún wọn láti mọ inú wa, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn fún àwa náà láti mọ tiwọn. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ìdí nìyẹn tí a ò ní fi dandan mú ọmọ kankan wo olùkọ́ lójú. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa tí wọ́n bá gbójú síbòmíì. A ò sì ní dá ọmọ tó ń ju ọwọ́ tàbí tó ń mi ara síwá sẹ́yìn dúró. Ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibi tó kàn yìí. Ọmọ tó ń fi ẹkún gba nǹkan máa ń yọjú wò bóyá ẹ ń wo òun. Tọ́wọ́ rẹ̀ bá ti tẹ ohun tó fẹ́, ó parí. Ti ọmọ tí ariwo, ìmọ́lẹ̀, òórùn tàbí ìyípadà òjijì ti bò mọ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí níkàáwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ìbáwí ò ràn án, àlàyé gígùn ò ràn án. Ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ pa rédíò, ẹ ní kí àwọn tó ń wòran kúrò níbẹ̀, kí ẹ dúró nítòsí. Ẹ má dì í mú àyàfi tó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe. Tó bá rọlẹ̀, á ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó bi í ní ohunkóhun.

Púpọ̀ nínú wọn ni kì í mọ̀ pé ebi ń pa àwọn, tàbí pé ẹ̀rù ń ba àwọn, àfi tó bá ti le. Tí wọ́n bá ní "mi ò mọ̀" nígbà tí ẹ bi wọ́n pé kí ló ṣe wọ́n, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ara la ó ti máa bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì: "Ọwọ́ ẹ ti di ẹ̀ṣẹ́, èjìká ẹ ti le. Ó jọ pé inú ń bí ẹ." Ẹ máa sọ irú rẹ̀ nílé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tiyín náà: "Àyà mi ń já, mo fẹ́ jókòó díẹ̀."

Àwọn òbí kan máa ń sọ fún mi pé olùkọ́ ní ọmọ àwọn ò dààmú ẹnikẹ́ni, àmọ́ bó bá ti délé ló ń bú sẹ́kún. Kì í ṣe pé ẹ̀ ń kẹ́ ẹ bà jẹ́. Ó ti ń fara da nǹkan láti àárọ̀, tó ń ṣe bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe, ọ̀dọ̀ yín lọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ tó fi lè tú u jáde. Ẹ fún un ní àkókò láìsí ìbéèrè àti iṣẹ́ àṣetiléwá tó bá dé, kí ẹ sì sọ fún wa, torí ilé-ìwé ló yẹ ká ti wá ibi tí ẹrù náà ti wúwo.

Láti sáà yìí lọ, àwòrán ètò ojúmọ́ á wà lára ògiri gbogbo kíláàsì, igun kan á sì wà tí ọmọ tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ lè lọ jókòó láìtọrọ àyè.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín kò ní ọ́tísìmù, ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe àrùn, kì í ràn. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ ní tààrà, nítorí ẹ̀dà ọ̀rọ̀ àti àwàdà lè ṣòro fún ọmọ tó ní ọ́tísìmù láti mọ̀. Àwọn kan ti rí i pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un gbọ́, wọ́n wá ń rán an níṣẹ́ tí yóò kó o sí wàhálà. Ìfìyàjẹni ni, n kò sì ní í gbà á. Tí ọmọ yín bá rí i, kó wá sọ fún wa.

Fọ́ọ̀mù kan wà nínú àpò ìwé àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù. Ẹ kọ ohun tó máa ń da ọmọ yín láàmú, àmì tí ẹ máa ń rí ṣáájú, àti ohun tó ń fi í lọ́kàn balẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ dá a padà fún olùkọ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí. Ẹni tó bá fẹ́ kí a jọ sọ ọ́ lójúkojú lè bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Thursday, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ìwé