Ẹ jẹ́ ká béèrè ìgbà tí ohùn ń ké ká tó tú mọ́tò

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan.

Mo ń kọ lẹ́tà yìí nítorí ohùn kan tó wọ inú mọ́tò mi, tó sì gbà mí lóṣù mẹ́ta gbáko kí n tó rí ìdí ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń ka ìwé ìròyìn yín là ń gbọ́ irú ẹ̀ tá a kàn ń yí rédíò sókè ká má baà gbọ́ ọ mọ́.

Kì í ṣe ariwo gbà-gbà-gbà bí ìgbà tí nǹkan já o. Ohùn tín-ín-rín ni, hùùùùn, ó ń kùn bíi yànmùyánmú tó wọ yàrá lóru, tí mo bá tẹ tọ́tù á lọ sókè, tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò á wálẹ̀. Lọ́jọ́ kan màá gbọ́ ọ ketekete, lọ́jọ́ kejì mi ò ní gbọ́ nǹkan kan, tí mo bá sì wá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì báyìí ṣe ló máa dákẹ́, bí ọmọ tí eyín ń dùn látàárọ̀ tó wá débi oníṣègùn tó ní kò dun òun mọ́.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí díẹ̀, ó ní "Mọ́mì, àlítánétọ̀ ni, bẹ́árìn ẹ̀ ti lọ." A pààrọ̀ àlítánétọ̀ náà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún mọ́tò (bẹ́árìn sì ni irin róbótó tó ń jẹ́ kí nǹkan yí geere). Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí ohùn náà ti tún ń kí mi. Ẹnì kejì ní pọ́ǹpù síárìn ni, èyí tó ń ti ọ́ìlì kí síárìn lè rọrùn láti yí, a tún pààrọ̀ ìyẹn náà, ó rọlẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kẹta ò tiẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa tó fi ní gíà bọ́ọ̀sì ni, kí n jẹ́ kí òun sọ ọ́ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sọ pé rárá, ó tó.

Mi ò kọ èyí láti bú àwọn mẹkáníìkì o, àwọn ló ń gbé wa ró, àwa náà la sì máa ń dúró lé wọn lórí pé kíá kíá, a fẹ́ máa lọ. Ohun tó dùn mí ni pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó bi mí pé ìgbà wo gan-an ló ń ké. Ohùn yẹn ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì fún un lórúkọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan ló wá bá mi yanjú ẹ̀, òun ò sì fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá níbẹ̀rẹ̀, ṣe ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò. Ó ní ṣé tí mo bá dúró sójú kan, tí mo fi sí fíríì, tí mo réèsì ẹ̀, ṣé ó ń ké? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní a jẹ́ pé kì í ṣe táyà, kì í ṣe bẹ́árìn ẹsẹ̀ mọ́tò, torí ìyẹn ò lè ké nígbà tí táyà ò yí. Ó ní tí mo bá yí síárìn ńkọ́, ṣé ó ń pọ̀ sí i? Mi ò mọ̀, mi ò wò ó bẹ́ẹ̀ rí, ló bá ní kí n yí i báyìí, mo yí i sọ́tùn-ún, hùùùùùn, mo dá a padà sáàárín, ó rọlẹ̀. Ó ní àárọ̀ tó bá tutù ńkọ́? Mo ní ìgbà yẹn gan-an ló máa ń le jù, tí mo bá ti rìn díẹ̀ á fẹ́ dákẹ́. Bàbá mi orí, ó ní torí ọ́ìlì tó tutù máa ń ki ni, ó máa ń ṣòro fún pọ́ǹpù láti fà.

Ìgbà yẹn ló wá sọ̀ kalẹ̀ tó ṣí ike ọ́ìlì síárìn. Ọ́ìlì pé, kò dín rárá, àmọ́ ó ń hó bí omi ọṣẹ, gbogbo ẹ̀ ti di fóòmù. Ó ní ẹ wò ó, afẹ́fẹ́ ló ń mu, pọ́ǹpù tó bá ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì máa ké dandan, kódà kó jẹ́ tuntun láti inú páálí. Ìdí nìyẹn tí pọ́ǹpù tuntun tá a fi síbẹ̀ fi ń ké bíi ti àtijọ́! Họ́ọ̀sì kékeré tó ti inú ike wá sí ẹnu pọ́ǹpù ló ti gbẹ tó ti le, klípù ẹ̀ ò dì í mú mọ́, àti pé nítorí pé ṣe ni pọ́ǹpù ń fa nǹkan gba ibẹ̀, kì í ṣe pé ó ń tì í jáde, ọ́ìlì ò kán sílẹ̀ débi tẹ́nì kan máa fura. Họ́ọ̀sì àti klípù. Òun nìyẹn.

Ó pààrọ̀ méjèèjì, ó jáàkì iwájú mọ́tò sókè, ó da ọ́ìlì tuntun sí i, ó ní kí n máa yí síárìn láti òpin ọ̀tún dé òpin òsì léraléra láì tíì síná sí ẹ́ńjìnì kí afẹ́fẹ́ lè jáde, ó ń wo ọ́ìlì tó ń lọ sílẹ̀, ó ń bù kún un, ẹ̀yìn ìyẹn la tó síná tá a tún ṣe é. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá yí síárìn dé òpin, kí n má ṣe dì í mú síbẹ̀ pẹ́, ó ń ni pọ́ǹpù lára. Ohùn náà lọ lọ́jọ́ yẹn. Àlítánétọ̀ mi àtijọ́ ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é rárá, ó ṣì wà nínú búùtù mi báyìí.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń bi bàbá yìí ní ìbéèrè, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ka ìwé yín mọ díẹ̀ nínú ohun tó sọ fún mi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé ẹ́ńjìnì ni ohùn yẹn ń tẹ̀ lé àbí eré tí mọ́tò ń sá. Tó bá ń ké lójú kan nígbà tẹ́ ẹ bá réèsì, ẹ máa wo àwọn nǹkan tí bẹ́líìtì ń yí níwájú: àlítánétọ̀, pọ́ǹpù síárìn, pọ́ǹpù omi, kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀ éésì, àtàwọn púlì tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n di bẹ́líìtì mú. Gíà bọ́ọ̀sì náà ṣì lè wà níbẹ̀ o, torí pọ́ǹpù inú gíà ọtomátíìkì máa ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnì, tí ọ́ìlì gíà bá sì ti dín, á ké. Àlítánétọ̀ máa ń yí tó ìlọ́po 2 sí 3 ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀, ìdí nìyẹn tí bẹ́árìn ẹ̀ tó bá bàjẹ́ fi máa ń ní ohùn tín-ín-rín. Tẹ́ ẹ bá tan iná iwájú àti éésì tí ohùn yẹn wá yí padà, ẹ fura sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mítà wo iná tó ń gbé jáde, ní ọ̀pọ̀ mọ́tò ó yẹ kó wà láàárín fólì 13.5 sí 14.7 tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ inú sípíkà rédíò nìkan lẹ ti ń gbọ́ ọ, tẹ́ ẹ pa rédíò tó sì lọ, kì í ṣe bẹ́árìn kankan nìyẹn, ọ̀rọ̀ wáyà ni, ẹ wo áàtì (wáyà tó so iná mọ́ ara irin mọ́tò) tàbí dáódù (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) inú àlítánétọ̀.

Mẹkáníìkì tún lè yọ bẹ́líìtì kó síná fún bíi ìṣẹ́jú kan, tí ohùn yẹn bá lọ, a ti mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tí bẹ́líìtì ń yí ni. Àmọ́ kó má pẹ́ o, torí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí pọ́ǹpù omi, ẹ́ńjìnì á gbóná. Bàbá tèmi máa ń fi screwdriver gígùn kan ara nǹkan kọ̀ọ̀kan kó sì fi etí ti ìdí ẹ̀, ibi tó bá ti ń ké jù ló ń yà sọ́tọ̀, torí ohùn máa ń gba inú irin rìn, èyí tẹ́ ẹ gbọ́ lápá òsì lè jẹ́ apá ọ̀tún ló ti wá. Ẹ má fi ìka tàbí aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ súnmọ́ bẹ́líìtì tó ń yí, ẹ jọ̀ọ́.

Tó bá jẹ́ pé orí ìrìn nìkan ló ń ké, tẹ́ ẹ dúró tí kò sí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Lójú títì tó gùn tí kò sí ẹlòmíì, tẹ́ ẹ bá ń sá bíi kìlómítà 60 láàárín wákàtí, ẹ fi sí fíríì kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa yí lọ (ẹ má pa ẹ́ńjìnì o, síárìn àti bíréèkì á le), tí ohùn náà bá ń bá eré lọ bó ṣe wà, ẹ wo táyà àti bẹ́árìn. Ẹ yí díẹ̀ sósì, ẹrù mọ́tò máa lọ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí ohùn bá pọ̀ sí i nígbà yẹn, bẹ́árìn ọ̀tún lẹ kọ́kọ́ máa wò. Táyà ní tiẹ̀ máa ń yí ohùn padà bí ojú títì bá ṣe yí padà, tẹ́ ẹ bá sì gbé ti iwájú lọ sẹ́yìn, ohùn á bá a lọ. Èyí tó ń ké tẹ́ ẹ bá ń tẹ tọ́tù, tó yí padà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ dífù, ìyẹn àwọn irin eléyín tó ń pín agbára ẹ́ńjìnì fún àwọn ẹsẹ̀ mọ́tò. Bẹ́árìn ẹsẹ̀ mọ́tò yìí ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má fi rédíò bò mọ́lẹ̀, torí tó bá jẹ tán, táyà gan-an lè yọ kúrò lẹ́sẹ̀ mọ́tò.

Ohun tó ń kùn lẹ́yìn, lábẹ́ ìjókòó, ó sábà máa ń jẹ́ pọ́ǹpù epo, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré tẹ́ ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe àìsàn. Tó bá wá ń ké lójú ọ̀nà, ẹ bi ara yín bóyá ẹ máa ń jẹ́ kí epo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó rà á, torí epo yẹn ló ń mú un tutù. Ọ̀kan wà tó yà mí lẹ́nu jù, ẹ́ńjìnì á máa han lójú kan bíi súfèé, tẹ́ ẹ bá wá fa gẹ́ẹ̀jì ọ́ìlì yọ díẹ̀ á dákẹ́ wẹ́lo! Rọ́bà inú fáàfù PCV (èyí tó ń darí afẹ́fẹ́ tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnì) ló sábà máa ń ya, ẹ́ńjìnì ń fa afẹ́fẹ́ gba ibi tí kò yẹ.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin olóòtú ni pé kẹ́ ẹ fún àwọn mẹkáníìkì àgbà láyè nínú ìwé yín, kí wọ́n máa ṣàlàyé irú nǹkan báyìí fún wa lédè wa. Ẹ̀yin mẹkáníìkì náà, tí oníbàárà bá gba ohùn náà sórí fóònù, tó kọ ọ́ síwèé pé àárọ̀ ni, pé ìgbà tí mo yí síárìn ni, ẹ má rò pé ó fẹ́ kọ́ yín níṣẹ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ tó mú sípánà. Tí ẹnì kan bá sì wà tí mọ́tò ẹ̀ ń ké lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí tí wọn ò rí ìdí ẹ̀, kó kọ̀wé sí yín, kó sọ fún wa ìgbà tó ń ké, màá gbé ìwé náà lọ bá bàbá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan