Lẹ́tà sí àbúrò mi lórí ilé Bàbá Àgbà

Wálé àbúrò mi,

Mo gbọ́ pé ẹbí ti ń ná katapílà tí yóò wó ilé Bàbá Àgbà, àti pé ìwọ fẹ́ kó ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé náà lọ fi ṣiṣẹ́ ọnà ní gálárì. Òrùlé ti já, àjà òkè ti wó, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, orí ilẹ̀ yẹn gan-an ni kí o ti ṣiṣẹ́ náà.

Rìn dé Freedom Park ní Broad Street, l'Ékòó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni òyìnbó kọ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti Awólọ́wọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n wó o tán, ó di ààtàn. Theo Lawson, ayàwòrán ilé, ni kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù kẹwàá 2010, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ti di orí ìtàgé. Ojú ibi tí àwọn yàrá wọn wà ṣì hàn; dúró síbẹ̀, wàá mọ bí àyè wọn ti há tó. Ká ní Lẹ́kkí ni wọ́n gbé ìtàgé yẹn lọ, pákó lásán ni ìbá jẹ́.

Ilojo Bar ní Tinubu ńkọ́? Ilé Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, ni bíi tiwa; ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Ó ṣì ń dùn mí.

Lára ògiri ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí Ìyá Àgbà ń gbé àtùpà kọ́, èéfín ṣì wà níbẹ̀: ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó wá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè, ó dúdú kirikiri. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn lọ sí gálárì?

Àwọn ògiri tó ti là, gé wọn wálẹ̀ dé ìbàdí èèyàn, kí ìlà yàrá kọ̀ọ̀kan lè hàn. Ti èéfín yẹn, má fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kí ilẹ̀kùn ìrókò dúró sí àyè rẹ̀, kí èèyàn gba ibẹ̀ wọlé sí gbangba. Kí o sì wá nǹkan bo orí àwọn ògiri tó bá kù, torí láti òkè ni òjò ti ń ba amọ̀ jẹ́. Má fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ o. Omi á há sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ á sì máa já bọ́.

Màá bá àwọn ẹ̀gbọ́n wa sọ̀rọ̀ fúnra mi. Ní báyìí ná, ra tapólì kí o fi bo ògiri ẹ̀yìn kí òjò tó tún dé. Màá fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ lónìí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ