Ọmọ tẹ́ ẹ rí ní sọ́mà tó kọjá kọ́ ló ń bọ̀ lọ́dún yìí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ṣì ń tọ́mọ lọ́wọ́, àtẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ti dàgbà kúrò nílé náà, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú wàhálà ọmọ, ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè wọn.

Sọ́mà, ìyẹn ìgbà ooru, tún ti dé, sùkúù ti fẹ́ẹ̀ palẹ̀ mọ́, mo sì mọ̀ pé ẹ ti ń pe ara yín lórí fóònù, ta ló ń bọ̀, ilé ta la máa pàdé sí, ọjọ́ ìbí ta ló bọ́ sí i, ta ló fẹ́ ṣègbéyàwó. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí ayẹyẹ fámílì fi máa ń pọ̀ nígbà ooru, àwọn ọmọ wà nílé, àwọn àgbà lè gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ilẹ̀ kì í tètè ṣú, èèyàn á jókòó síta títí alẹ́ láìwá súwẹ́tà. Lápá àríwá ayé, nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà lojúmọ́ máa ń gùn jù, lápá gúúsù bí Ọsirélíà, oṣù Kejìlá ni, ìdí nìyẹn tí Kérésì àwọn ará ibẹ̀ fi máa ń bọ́ sínú ooru. Ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ò yí padà.

Ọmọ tó máa jókòó síbi ayẹyẹ lọ́dún yìí kì í ṣe ọmọ tó jókòó síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ má sọ pé ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ẹnu la fi máa ń mọ̀ ọ́n, tó bá wá dọjọ́ ayẹyẹ, àga kékeré ọdún tó kọjá náà la tún máa gbé fún un, ọ̀rọ̀ tá a fi ń tàn án nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà náà la tún máa sọ, ọmọ ọ̀hún á wò wá ṣáá.

Àwọn dókítà ọmọdé ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé àwọn ọmọ máa ń ga nígbà ìrúwé àti ìgbà ooru ju ìgbà òtútù lọ. Ọmọ tó ti kúrò ní ìkókó tí ò sì tíì bàlágà máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ga lọ́dún, tí ìbàlágà bá wá dé, ó lè fi 8, kódà 10, ga láàárín ọdún kan. Nílé tèmi ara férémù ilẹ̀kùn ilé ìdáná la ti máa ń wọ̀n wọ́n nígbà tí gbogbo fámílì bá pé. Ọmọ á bọ́ bàtà, á fẹ̀yìn ti igi, á na ọrùn, màá gbé ìwé pẹlẹbẹ lé e lórí, màá ní kó sọ gìgísẹ̀ ẹ̀ kalẹ̀, màá wá fi pẹ́ńsù fa ìlà, màá kọ ọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìlà ọmọ mi ọkùnrin ń tẹ̀ lé ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi lọ́dún kan tó kàn fò sókè, ọwọ́ mi ò tó orí ẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló bá mi gbé ìwé lé e. Ẹ ṣe é fáwọn ọmọ tiyín, kẹ́ ẹ sì ṣe é lójú àwọn òbí àgbà wọn. Tó bá jẹ́ ilé rẹ́ńtì lẹ wà, ẹ wá aṣọ tàbí páálí gígùn tẹ́ ẹ lè ká gbé lọ tẹ́ ẹ bá ń kó.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ níbi ayẹyẹ ni mo fẹ́ dúró lé jù, torí ibẹ̀ lọmọ ti ń mọ̀ pé wọ́n rí òun. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè máa pín ṣíbí, òmíì á jábọ́, ẹ jẹ́ ó jábọ́. Èyí tó ti ń kàwé, ẹ ní kó ka iye èèyàn tó ń bọ̀ kó sì to àga bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, kẹ́ ẹ má tò ó tẹ̀ lé e o, tó bá ṣì í kà, òun fúnra ẹ̀ ló máa lọ gbé àga kún un nígbà tó bá rí ẹni tó dúró. Nígbà tó bá wá tó mẹ́tàlá mẹ́rìnlá, ẹ fún un ní ohun kan tí àgbà kankan ò ní bá a dá sí, bóyá orin ni o, bóyá eré àwọn ọmọdé ni o, bóyá fótò. Ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ látorí ṣíbí pínpín, ó dé orí kéèkì, nígbà tó yá ó sọ fún mi pé òun fẹ́ se odindi oúnjẹ ọjọ́ náà, látorí ọjà dórí àwo, mo jókòó síta láàárín àwọn àlejò, ara mi ò balẹ̀, ẹsẹ̀ mi fẹ́ máa gbé mi lọ sí ilé ìdáná, mo mú un dúró. Bó ṣe gbé oúnjẹ jáde báyìí, ojú ẹ̀ ò sí lára ẹnikẹ́ni àfi èmi, ó fẹ́ mọ ohun tí màá sọ. Iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún bu kún un. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ohun táwọn àgbà wí nìyẹn, a nílò wọn lóòótọ́, ẹ má fi iṣẹ́ ẹ̀tàn tàn wọ́n.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ń wọ ìbàlágà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Obìnrin lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ọdún 8 sí 13, ọkùnrin láàárín 9 sí 14, torí náà níbi ayẹyẹ kan náà ẹ lè rí ọmọ ọdún méjìlá méjì, ọ̀kan ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù kiri pẹ̀lú àwọn wẹ́wẹ́, èkejì ti ń ká apá bo àyà. Èkejì yẹn ni kẹ́ ẹ bá mi ṣọ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí tí ò rí i látọdún tó kọjá, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n á pariwo ẹ̀ pé "Háà, o mà ti dobìnrin o, ẹ wo bó ṣe tóbi!", gbogbo èèyàn á yíjú sí i, ọmọ á dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, kò ní mọ ibi tó máa gbójú sí, tó bá ṣe díẹ̀ ó ti wọ yàrá lọ, kò ní jáde mọ́ títí wọ́n á fi jẹun tán. Ẹ tètè bá àwọn àǹtí àti bọ̀ọ̀dá sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí wọ́n tó dé, pé kí wọ́n bi í nípa ohun tó ń kà àti ọ̀rẹ́ tó ní, kí wọ́n fi ara ẹ̀ sílẹ̀. Kò sí àrífín níbẹ̀, ìyá ló ń ṣọ́ ọmọ ẹ̀.

Tó bá sì di ìyálẹ̀ta tí ò tíì jí, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ lójú àlejò. Ohun tó ń pe oorun nínú ara, tí wọ́n ń pè ní melatonin, máa ń pẹ́ kó tó jáde lálẹ́ tọ́mọ bá ti bàlágà, oorun tó nílò sì tó wákàtí 8 sí 10. Ẹ fi ayẹyẹ sí ọ̀sán, ìjà á dín kù.

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀. Tí omi bá wà níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣe é, odò, òkun, ibi ìwẹ̀ ẹ̀yìn ilé, ẹ dárúkọ àgbà kan tó máa wo omi tí kò ní fọwọ́ kan fóònù, tó bá rẹ̀ ẹ́ kí ẹlòmíì gbà á. Ọmọ tó ń rì sómi kì í sábà pariwo, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ń gbà, níbi tí àgbà bá sì ti pọ̀, kálukú máa ń rò pé ẹlòmíì ló ń wò ó. Ẹ má sì fi ọmọ sílẹ̀ nínú mọ́tò, bó ti wù kí àkókò náà kéré mọ, inú mọ́tò tètè ń gbóná ju ìta lọ fíìfíì.

Ẹ má gbàgbé àwọn bàbá náà. Ọjọ́ Bàbá tọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè ń ṣe ní Sunday kẹta oṣù kẹfà, ọmọ obìnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Sonora Smart Dodd ní ìlú Spokane ní Amẹ́ríkà, ọdún 1910 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é níbẹ̀. Ìyá ẹ̀ ti kú, bàbá ẹ̀ ló dá tọ́ ọmọ mẹ́fà dàgbà, nígbà tó wá dàgbà tó rí ohun tí ìyẹn ṣe, ó ní kí wọ́n wá ọjọ́ kan fáwọn bàbá. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an, torí ó pẹ́ kí ọmọ tó rí wa, ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín.

Lórí fótò, ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé fóònù fún ẹlòmíì kẹ́ ẹ bọ́ sínú fótò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́mọ kó tó pé ọdún mẹ́ta, kì í sábà rántí ẹ̀ tó bá dàgbà, tẹ́ ò bá sí nínú fótò ìgbà yẹn, kí ló fẹ́ fi mọ bójú yín ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ gbé e lọ́wọ́? Ẹ tẹ díẹ̀ jáde sórí bébà, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn ẹ̀.

Ó ku ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ti kúrò nílé. Mo mọ̀ pé ẹ níṣẹ́, ẹ ní ọkọ tàbí aya, àna yín náà ń ṣayẹyẹ tiwọn, ìsinmi tí wọ́n fún yín ò sì pọ̀. Kò sí ìyá tó yẹ kó fi ìyẹn bínú, èmi ò bínú. Àmọ́ ẹ má ní ká máa retí yín títí dọjọ́ tó kù ọ̀la, ká máa ra nǹkan sílẹ̀, ká máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò ní sùn. Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹnìkejì yín báyìí kí oṣù yìí tó parí, ẹ pín in, ọdún yìí lọ́dọ̀ àna, ọdún tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, tàbí ọjọ́ mélòó kan níbí, mélòó kan lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ wá pè wá, kẹ́ ẹ sọ ọ́ tààrà. Tẹ́ ò bá ní lè wá rárá, ẹ sọ ìyẹn náà, ẹ jẹ́ ká mọ aago tẹ́ ẹ máa pè lọ́jọ́ náà káwọn àbúrò yín lè pagbo yí fóònù ká. Kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ ní kí wọ́n gbé e fún ẹni tó kéré jù nínú wọn, kẹ́ ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fún un ṣe.

Èmi ni,
Ìyá yín